A Kì Í Ra Ọ̀wẹ̀

Garawa epo ló wà lórí Hannah nígbà tí Olútáyọ̀ kọ́kọ́ rí i. Garawa náà kún dẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹrẹ̀ sì mù ún dé ojúgun, síbẹ̀ ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ láti yàrá sí yàrá nínú ilé bàbá rẹ̀. Olútáyọ̀ dúró, ó ń wò ó, ó gbàgbé pé òun náà ní ẹrù tòun.

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Oǹdó bọ̀ ló rì sínú ẹrẹ̀ nítòsí Ajue. Oṣù kẹfà ni, òjò kò sì jẹ́ kí ọ̀nà náà sinmi. Dẹ́rẹ́bà ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ kọjá ibi tó bàjẹ́, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Àwọn obìnrin Ajue tó wà nínú ọkọ̀ ti ru tiwọn, wọ́n ti lọ. Ó ku Olútáyọ̀ àti àpótí irin rẹ̀ tí ìwé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ẹ má bá a wí jù. Ará Ìkọ̀lé-Èkìtì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí ọmọ náà sí, níbi tí bàbá ti ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń wa tánganran títí ó fi kú. Ọmọ náà kò di ọkọ́ mú rí, kò ru igi rí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ló gbà á síṣẹ́ tíṣà, tó sì ní kó máa lọ sí Ore. Ó di ọwọ́ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀, "ṣé àpótí nìyẹn, àbí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà?"

Hannah ni. Ó ti sọ garawa tirẹ̀ kalẹ̀ níbi gbígbẹ, ó ti padà wá.

"Ìwé ló wà nínú rẹ̀," ni Olútáyọ̀ dáhùn, ojú sì tì í díẹ̀. "Ó wúwo."

"Ìwé? Mo rò pé orí ni àwọn alákọ̀wé ń kó o sí." Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a di òṣùká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ gbé e rù mí."

"Rárá o. Obìnrin kò ní ru ẹrù mi."

"Ó dáa. Ẹ rù ú fúnra yín."

Ó rù ú lóòótọ́, láìlo òṣùká. Àpótí náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó sì fi tíṣà ìjọba jókòó sínú ẹrẹ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Hannah náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. Ọwọ́ náà le nítorí iṣẹ́, ó sì gbóná. Kò wu Olútáyọ̀ kó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílẹ̀ yìí ni mò ń sọ. Ọkọ̀ Èkó, ọkọ̀ Bìní, ọkọ̀ Oǹdó, Ore ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Gẹdú ń jáde nínú igbó tọ̀sán-tòru, ẹni tó bá sì lè gbé nǹkan kì í wáṣẹ́ tì níbẹ̀. Láàárọ̀, àwọn ọmọdé ni Olútáyọ̀ ń kọ́. Nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn àgbà ní èdè Òyìnbó nínú kíláàsì kan náà, tí wọ́n ká eékún sórí àga kékeré. Pius wà níbẹ̀, olórí àwọn tó ń ru pákó ní sọ́míìlì. Gàzálì wà níbẹ̀, dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ gẹdú, àti Tàwàkálítù tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn dẹ́rẹ́bà. Kò pẹ́ tí Hannah náà fi dé. Àwọn ará Bìní ló ń ra epo bàbá rẹ̀ ní oríta Ore, wọn kò gbọ́ Yorùbá, òun náà kò sì gbọ́ tiwọn.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀ nípa yìnyín tó ń bọ́ sórí òrùlé. Hannah gbọ́ ọ títí, ó na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, yìnyín kò sí l'Ore. Ẹrù ló wà níbí. Ẹ kọ́ wa ní ohun tí Òyìnbó ń pe fífà, gbígbé àti kíkó."

Gbogbo kíláàsì ní bẹ́ẹ̀ ni. Olútáyọ̀ pa yìnyín rẹ́ lójú bọ́ọ̀dù, ó kọ "carry".

"Èyí ni gbígbé," ó wí.

"Bí mo bá ru garawa sórí ńkọ́?"

"Carry náà ni."

"Bí mo bá pọn ọmọ?"

"Carry."

Tàwàkálítù mi orí. "Àánú wọn ṣe mí," ó ní. "Ẹni tó ru igi àti ẹni tó pọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kan náà?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí fífà, wọ́n rí i pé Òyìnbó náà ti ṣiṣẹ́ rí. Kí èèyàn fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, "pull" nìyẹn. Kí ó wọ́ ọ nílẹ̀ tuurutu, "drag" ni, Olútáyọ̀ sì fi àpótí ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ kí Hannah tó ráyè sọ ọ́. "Tow" ni ti ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀. Gàzálì ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀pọ̀ èèyàn so okùn mọ́ ohun ńlá, kí wọ́n jùmọ̀ fà á, "haul" ni. Kí a kó ohun tó fọ́n káàkiri jọ síbì kan, "gather" ni. "Haul" yìí wọ Pius lára débi pé, nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní sọ́míìlì nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ yí gẹdú.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, Olútáyọ̀ a máa sin Hannah lọ síbi ọkọ̀ Ajue. Ó ní nítorí kó má bàa dá nìkan rìn ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tí ì ṣú, èrò sì kún ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró.

"Hannah, ọkàn mi ń fà sí ọ."

Hannah wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Fífà wo ni, Tíṣà? Pull ni, àbí drag, bíi ti àpótí?"

"Haul ni."

"Haul kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ta ló ń bá yín fà á?"

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi fà á."

Hannah ń rìn lọ títí wọ́n fi dé ìdíkọ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé garawa òfìfo sórí itan. Ìgbà tí ọkọ̀ gbéra ló yọ orí lójú fèrèsé.

"Mo ti di okùn mú," ó wí.

Ká sòótọ́, Olútáyọ̀ kò mọ bí òun ṣe délé lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kí àwọn ewúrẹ́ ojú ọ̀nà.

Abraham ni bàbá Hannah ń jẹ́, àgbà ìjọ ní Ajue, àgbẹ̀ kòkó àti ọ̀pẹ. Ìyá Hannah ti kú, àwọn ọmọkùnrin bàbá sì ti lọ sí Èkó láti bá wọn wá nínú owó epo rọ̀bì. Ó gba Olútáyọ̀ lálejò dáadáa, ó fi pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀. Ìkálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń fo àlejò lórí, ó yí i padà sí Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́.

"Ọmọ mi ní èèyàn gidi ni ọ́," ó wí. "Ta ni àwọn èèyàn rẹ níhìn-ín?"

"N kò ní ẹnikẹ́ni níhìn-ín, sà. Ìyá mi wà ní Jọ́ọ̀sì."

Bàbá ti àwo ọbẹ̀ sún mọ́ ọn. "Wò ó, ọmọ mi. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí. Ẹni tí kò ní èèyàn, bí ọjọ́ burúkú bá dé, ọmọ mi nìkan ni yóò ru ẹrù náà. Ẹni tó bá fẹ́ di àna wa, ọ̀wẹ̀ ló ń mú wá. Kí kòkó tó pọ́n, mú ọ̀wẹ̀ wá sóko mi, ọjọ́ kan péré. Kí n rí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ."

Olútáyọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn kó tó dé Ore. Bàbá sọ ọ̀wẹ̀, iṣẹ́ oko ni etí tirẹ̀ gbọ́. Owó oṣù ń wọlé geere nígbà náà, kò sì sí ohun tí owó kì í ṣe l'Ore. Ó lọ sí oríta níbi tí àwọn alágbàṣe ń dúró sí, ó san owó fún wọn, ó júwe oko Bàbá Abraham. Ó ní kí wọ́n ro ó kó mọ́ tónítóní. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sílé, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Bàbá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà oko.

"Ta ló rán yín?"

"Tíṣà ni, bàbá."

"Kí ni Tíṣà jẹ́ sí yín?"

Wọ́n wo ara wọn. "A ò mọ̀ ọ́n rí, bàbá. Ó san owó wa ni."

Bàbá kò bínú sí wọn. Ó mú wọn wálé, ó fún wọn ní pupuru jẹ yó, ó sì ní kí wọ́n máa lọ, pẹ̀lú ọkọ́ tí kò kan ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Hannah dúró lẹ́nu ọ̀nà Olútáyọ̀. Kò wọlé.

"Ẹ ra ọ̀wẹ̀," ó wí.

"Hannah, iṣẹ́ ni bàbá ní kí n..."

"Ọ̀wẹ̀ là ń bẹ̀, Tíṣà. A kì í rà á. Bàbá mi fẹ́ mọ ẹni tí yóò dúró tì wá bí òfò bá ṣẹ̀, ẹni tí yóò bá wa gbé ọmọ tuntun jó. Ẹ rán owó sí i. Ẹ̀yin pàápàá kò wá. Ṣé ó ń tà mí ni?" Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó dà. "Ó ní ọ̀rọ̀ yín ti tán, àfi bí ẹ bá ní èèyàn tí ẹ kò fi owó rà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ṣì di okùn mú," ni Hannah wí. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ta mí."

Kò wá kíláàsì mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Olútáyọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun lọ sí Ajue. Pius ló dìde.

"Tíṣà, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ wa, ìjọba ń san án fún yín. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí ti ẹlòmíràn ló ń bẹ tirẹ̀. Ta ni ẹ ti bá gbé nǹkan rí l'Ore yìí?"

Olútáyọ̀ ronú, ó wá a títí, kò rí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, nítorí pé òótọ́ ni.

Ní Sátidé, ó lọ bá Pius ní sọ́míìlì, ó bọ́ ẹ̀wù. Kò wúlò fún ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Pákó tó gbé fẹ́ẹ́ ṣe ẹnìkan léṣe, ìgbà tó sì dọ̀sán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó tún lọ ní Sátidé kejì. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ká òṣùká, bí wọ́n ti ń fi itan dìde dípò ẹ̀yìn. Gàzálì ń kọ́lé ní Ago Alaye. Olútáyọ̀ bá a ru búlọ́ọ̀kù. Ó bá Tàwàkálítù kó igi ìdáná, ó sì sọ ọ́ lù ú lẹ́sẹ̀, obìnrin náà sì bú u bí ìyá ti ń bú ọmọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, nítorí Hannah ló ṣe ń lọ. Nígbà tó yá, bí iṣẹ́ bá wà lọ́dọ̀ wọn tí wọn kò pè é, ó ń dùn ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Táyọ̀. Inú kíláàsì nìkan ló ti ń jẹ́ Tíṣà. Kò sọ̀rọ̀ Ajue fún wọn mọ́, àwọn náà kò sì bi í.

Hannah ṣì ń wá ta epo. Lọ́jọ́ kan tó ń kọjá ní sọ́míìlì, ó rí ọkùnrin kan tó ru pákó gígùn, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, tó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà bó ti ń lọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ ẹni tó jẹ́. Ó sá sẹ́yìn ọkọ̀ gẹdú kan, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Tàwàkálítù rí i, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìparí oṣù kẹwàá, ìjì jà. Ó wó igi àràbà ńlá kan lulẹ̀ lóko Bàbá Abraham, ó sì dínà mọ́ gbogbo kòkó tí bàbá ti já, tó kó jọ ní òkìtì òkìtì. Bí kò bá kúrò níbẹ̀ kíákíá, gbogbo rẹ̀ yóò jẹrà, làálàá ọdún kan yóò sì ṣòfò. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá ti darúgbó. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Ó gbé àáké, ó ń dá gé e láti òwúrọ̀ títí dọ̀sán.

Hannah kò lè wò ó mọ́. Ó wọ ọkọ̀, ó wá sí Ore, ó yọjú sí kíláàsì nírọ̀lẹ́. Pius ló bá sọ̀rọ̀; kò jẹ́ kí ojú òun àti ti Olútáyọ̀ ṣe mẹ́rin. Pius gbọ́ ọ tán.

"Bàbá kò pè wá," ó wí. "Ta ló ń bẹ̀ wá lọ́wẹ̀?"

Olútáyọ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó wá síwájú wọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn tó ń kọ́.

"Èmi ni," ó wí. "Mo bẹ̀ yín lọ́wẹ̀."

"Ìgbà wo?" ni Gàzálì bi í.

"Ọ̀la."

"Mà á ti gbé ọkọ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe parí. Hannah wò ó nígbà náà, ó wò ó dáadáa, kò sì gbé ojú kúrò.

Oòrùn kò tí ì yọ tí ọkọ̀ gẹdú fi dé Ajue pẹ̀lú ayùn, okùn àti agbọ̀n. Èèyàn kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà oko níbi tó ti dúró nígbà yẹn.

"Ta ló rán yín?"

"Táyọ̀ ni," ni Pius dáhùn.

"Kí ni Táyọ̀ jẹ́ sí yín?"

"Ọ̀kan nínú wa ni, bàbá."

"Ó bá mi ru búlọ́ọ̀kù títí ilé mi fi dé òrùlé," ni Gàzálì wí.

"Ó ju igi lu ẹsẹ̀ mi," ni Tàwàkálítù wí. "Mo sì tún wá."

Olútáyọ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ewé tútù. Bàbá wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà tí igi wà.

Wọ́n fi ayùn gé orí àti ìdí rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ìtì tó dínà, wọ́n tò. Pius pariwo: "Haul!" Gbogbo wọn dáhùn, wọ́n fà. Igi kò mira. Wọ́n tún fà á, ó kàn mí kanlẹ̀ bí àgbà tí kò fẹ́ dìde ni. Olútáyọ̀ ló wà ní ìparí okùn. Hannah sáré wá, ó di ìyókù okùn mú lẹ́yìn rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ walẹ̀.

"Mo ní mo dì í mú," ó wí sí i létí.

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka kòkó, ó wá di okùn náà mú lẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Kí ni ẹ̀ ń pè yẹn?"

"Haul, bàbá."

"Ó dáa." Bàbá mí sínú, ohùn tó fi ń gbé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi pè é: "Haul!"

Ìtì náà yí. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sínú igbó, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, àwọn ará Ajue tó wà nílé gbọ́ ọ, wọ́n sì wá. Ẹni tó wá wòran náà gbé agbọ̀n. Wọ́n kó kòkó jọ, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n rù ú wálé, Tàwàkálítù sì ń pariwo "gather" mọ́ àwọn tó bá jókòó. Olútáyọ̀ gba iwájú bàbá kọjá pẹ̀lú agbọ̀n tó ń kán omi sí i léjìká, òṣùká rẹ̀ jókòó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rù ú?" ni bàbá bi í.

"Ọmọ yín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sà. Àwọn wọ̀nyí ló parí rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n jẹ pupuru tán, tí olúkúlùkù ń nu ọwọ́, bàbá pe Olútáyọ̀ sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká níwájú gbogbo wọn.

"Lọ mú ìyá rẹ wá láti Jọ́ọ̀sì," ó wí. "Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti ní èèyàn."

Ìyá wá. Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ajue nígbà ọyẹ́, Pius sì ni ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, nínú kóòtù tó fún un lápá. Nígbà tó tó àkókò láti lọ, ọkọ̀ Gàzálì ń dúró lójú títì. Àpótí irin ti ọjọ́sí ni wọ́n kó aṣọ Hannah sí. Àwọn obìnrin fẹ́ rù ú, Olútáyọ̀ fẹ́ rù ú, ó sì ti ń wá aṣọ tí yóò ká ṣe òṣùká.

"Ẹ dúró ná, ọkọ mi," ni Hannah wí. "Ọwọ́ irin méjì ló wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń wọ́ ọ, ẹ ò rí ìkejì?"

Ó di ọ̀kan mú, Olútáyọ̀ di ìkejì mú. Wọ́n gbé e.

"Kí ni Òyìnbó ń pe èyí?" Hannah bi í bí wọ́n ti ń lọ.

Olútáyọ̀ rò ó títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀. "Wọ́n á ní carry náà ni," ó wí.

Hannah rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jùmọ̀ gbé àpótí náà sókè, wọ́n tì í wọlé.